Bóò-lọ-o-yà-fún-mi: Ìtàn "Helter-Skelter" àti Ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́ Kan ní Èkó

Ọdún 2005 ni mo dé Lọ́ńdọ̀nù. Ọmọ ọdún 17 ni mí nígbà náà. Mo ti ṣe WAEC ní Èkó, mo sì ti yege nínú Gẹ̀ẹ́sì, ṣùgbọ́n kọ́lẹ́ẹ̀jì tí wọ́n gbà mí sí ní àfi kí n tún Gẹ̀ẹ́sì kọ́. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti gba ọ̀nà yẹn kọjá mọ bó ṣe máa ń dun èèyàn tó. Mo ṣáà gbà, mo jókòó.

Lọ́jọ́ kan, tíṣà wa ní kí kálukú kọ ojú ìwé méjì nípa ọjọ́ kan tí kò lè gbàgbé láyé rẹ̀. Ẹnì kan kọ nípa ọjọ́ ìbí, ẹnì kan kọ nípa ajá rẹ̀ tó kú. Èmi kọ nípa ọjọ́ Sunday, 27 oṣù kìíní ọdún 2002, ọjọ́ tí ibi tí àwọn ṣọ́jà ń kó bọ́ǹbù sí ní Ìkẹjà bú gbàù. Mo kọ ọ́ bí wọ́n ṣe kọ́ wa láti máa kọ àròkọ nílé, pẹ̀lú gbogbo Gẹ̀ẹ́sì ńlá tí mo ní lápò. Nígbà tí mo dé orí bí a ṣe ń sá, mo kọ ọ́ pé "everybody was running helter-skelter".

Nígbà tí mo gba ìwé mi padà, tíṣà ti fa ìlà sábẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ya ilé gogoro kékeré kan, ó fi ìlà yí i ká láti òkè dé ilẹ̀ bí ìgbà tí ejò bá lọ́ mọ́ igi, ó wá ya ọmọ kékeré kan tó ń rẹ́rìn-ín sí ìsàlẹ̀. Kò fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ o. Obìnrin jẹ́jẹ́ ni. Ó rọra ṣàlàyé fún mi pé ọ̀rọ̀ tó dùn-ún gbọ́ ni, pé ó máa ń rán òun létí etíkun nígbà tí òun wà lọ́mọdé, ṣùgbọ́n kò bá ìtàn mi mu, torí nǹkan ìṣeré ọmọdé ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n wá ọ̀rọ̀ mìíràn tó wúwo jù ú lọ díẹ̀.

Mo ní, "Yes, Miss." Mo pa á rẹ́, mo kọ "in panic" dípò rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ò kúrò lọ́kàn mi láti ọjọ́ yẹn. Báwo ni ọ̀rọ̀ tí ìwé ìròyìn ilé wa fi ń ròyìn ẹ̀rù ṣe máa di ohun ìṣeré? Ta ló ń ṣì í lò, ṣé àwa ni àbí àwọn? Ó gbà mí ní ọ̀pọ̀ ọdún kí n tó jókòó tì í, kí n wo ibi tó ti wá.

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ọ́: ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́. Òǹkọ̀wé kan tó ń jẹ́ Thomas Nashe ti lò ó ní nǹkan bí ọdún 1593, láyé Ọbabìnrin Elizabeth àkọ́kọ́. Ẹlẹ́nu mímú ni Nashe. Òun àti ọ̀mọ̀wé kan, Gabriel Harvey, ni wọ́n jọ ń fi ìwé bú ara wọn nígbà náà, bí àwọn èèyàn wa ṣe ń ṣe lórí X, tó ń jẹ́ Twitter tẹ́lẹ̀, báyìí. Inú èébú yẹn ni a ti rí ọ̀rọ̀ náà, kì í ṣe inú ìwé àdúrà.

Ní ti ìtumọ̀ rẹ̀, àwọn onímọ̀ èdè kan rò pé apá kejì wá láti inú ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan, skelte, tó túmọ̀ sí kéèyàn yára. Àwọn mìíràn ní kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ ju ìró lọ: ìró ẹsẹ̀ àwọn tó ń sáré lọ ni, tí ẹsẹ̀ ẹnì kan ò bá ti ẹnì kejì mu. Èyí ló wọ̀ mí létí jù. Kí ni gìrìgìrì, tí kì í bá ṣe irú ẹ̀? Tí ọmọ Yorùbá bá sọ pé òun gbọ́ ẹsẹ̀ wọn gìrìgìrì, kò sẹ́ni tó máa béèrè pé kí ni gìrì àkọ́kọ́, kí sì ni gìrì kejì. Etí ló ń túmọ̀ rẹ̀.

Ibẹ̀ náà ni ìyàtọ̀ wa ti bẹ̀rẹ̀ sí í hàn sí mi. Ní èdè tiwa, oúnjẹ òòjọ́ ni irú ọ̀rọ̀ báyìí. Wúruwùru, rúdurùdu, játijàti: ìdajì àkọ́kọ́ gba ohùn òkè, ìdajì kejì gba ohùn ìsàlẹ̀, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ á máa gòkè á máa sọ̀ bí ẹni tí ọtí ń pa. Àgbàlagbà lè lò ó níwájú ọba. Ẹni tó ń sunkún òkú lè lò ó. Kò sẹ́ni tó máa sọ pé ọ̀rọ̀ ọmọdé ni. Gẹ̀ẹ́sì ò ní púpọ̀ nínú irú ẹ̀, ìwọ̀nba tó sì ní, bíi hurly-burly àti harum-scarum, ńṣe ni wọ́n ń wò wọ́n bí ọ̀rọ̀ eré. Wọ́n tún ní pell-mell, tí wọ́n yá lọ́wọ́ àwọn Faransé. (Ẹ má ṣe irú àṣìṣe tí mo ṣe o: òpópónà Pall Mall tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù ò bá a tan. Orúkọ eré bọ́ọ̀lù onígi kan tó ti Ítálì wá ni tòun.) Mo rò pé ohun tó jẹ́ kó rọrùn láti fi orúkọ yẹn pe nǹkan ìṣeré nìyẹn. Dídún ló ń dún bí eré létí wọn.

Ṣùgbọ́n kò tí ì dé ibẹ̀ nígbà ayé Shakespeare. Nínú apá kejì eré Henry IV, tí wọ́n tẹ̀ jáde ní 1600, Pistol gun ẹṣin dé láti Lọ́ńdọ̀nù sí abúlé, ó ní eré àsápajúdé ni òun sá wá, "helter-skelter" lọ̀rọ̀ tó sì fi sọ ọ́. Ìròyìn ayọ̀ ló mú wá fún ọ̀gá rẹ̀, Falstaff: ọba àtijọ́ ti kú, ọmọ ọba tí Falstaff ń bá mutí ló gorí oyè. Ni ọ̀gá náà bá dìde. Kò dúró pààrọ̀ aṣọ. Ó yá owó, ó gba Lọ́ńdọ̀nù lọ, ó dúró sójú ọ̀nà tí ọba tuntun máa gbà kọjá pẹ̀lú ẹrẹ̀ lára aṣọ, ọba wò ó, ó ní òun ò mọ̀ ọ́n rí. Mo fẹ́ràn ibi yẹn gan-an. Ẹni tó bá ti rí ọmọ ìyá ẹni tó di olówó ní Lekki máa mọ ohun tí mò ń sọ.

Fún ohun tó lé ní 300 ọdún, ohun kan náà ló túmọ̀ sí: eré tí kò létò, tí kálukú ń sá tiẹ̀. Ó lè jẹ́ eré ayọ̀, ó lè jẹ́ ti ìbẹ̀rù, ó lè jẹ́ ti ogun. Nígbà tó wá di nǹkan bí ọdún 1905 sí 1906 ni àwọn oníṣòwò ìṣeré nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ilé gogoro onígi kan tó jọ ilé iná tó ń tọ́nà fún ọkọ̀ ojú omi. Èèyàn á gba inú rẹ̀ gòkè lórí àtẹ̀gùn, á gba ẹní kékeré kan, á jókòó lé e, á wá yọ̀ wálẹ̀ lára ilé náà ní yíyí po, yíyí po, títí tí ìdí rẹ̀ á fi kan ilẹ̀. Helter-skelter ni wọ́n pè é. Ó wà ní ibi ayẹyẹ, ó wà ní etíkun, ó wà lórí afárá ìgbafẹ́ Brighton títí dòní.

Ẹ wá wo ohun tí ìyẹn ṣe. Eré tó wà lórí ilé yẹn ò lè lójú pọ̀, torí ọ̀nà kan ṣoṣo ló ní. Ẹni kan lẹ́ẹ̀kan náà ni. Ẹni tó bá kọ́kọ́ wọlé ló ń kọ́kọ́ jáde. Nǹkan tó létò jù lọ ní gbogbo ibi ayẹyẹ náà ni wọ́n fún ní orúkọ rúdurùdu. Àwọn Gẹ̀ẹ́sì gan-an nìyẹn, wọ́n á tòlà torí àtilọ ṣe wèrè.

Wọ́n sì fẹ́ràn rẹ̀ débi pé ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n gbé ọ̀kan wọ inú ṣọ́ọ̀ṣì ńlá Norwich, Kàtídírà tó ti wà láti ayé àwọn Norman. Gíga rẹ̀ tó ẹsẹ̀ bàtà 55. Wọ́n ní kí àwọn èèyàn lè gòkè sún mọ́ àwọn òkúta gbígbẹ́ tó wà ní àjà ṣọ́ọ̀ṣì náà ni, kí wọ́n lè rí wọn dáadáa. Bíṣọ́ọ̀bù kan tilẹ̀ wàásù látorí rẹ̀ kó tó yọ̀ wálẹ̀. Àwọn kan bínú, wọ́n ní wọ́n sọ ilé Ọlọ́run di ibi ìṣeré. Màámi wo fídíò rẹ̀ lórí fóònù mi, ó ní, "Bíṣọ́ọ̀bù wo nìyẹn? Kò ní ìyàwó tó máa bá a wí ni?" Mi ò rí èsì fún un.

Bẹ́ẹ̀ ni tíṣà mi ò parọ́ fún mi. Ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó dàgbà sétí òkun, ohun tó kọ́kọ́ wá sí i lọ́kàn nìyẹn.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ibẹ̀ ló parí sí. Mo ní ẹ̀gbọ́n kan ní Houston. Nígbà tí mo sọ ọ̀rọ̀ yìí fún un, ó bú sẹ́rìn-ín, ó ní tiwọn le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní lọ́jọ́ kan tí aago iná dún níbi iṣẹ́ wọn, òun kọ ìròyìn rẹ̀ fún ọ̀gá, òun ní àwọn èèyàn ń sá helter-skelter. Òyìnbó kan tó ti dàgbà pe òun sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó bi òun bóyá òun mọ ohun tí wọ́n ń fi ọ̀rọ̀ yẹn rántí ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀gbọ́n mi ní eré sísá ni. Òyìnbó ní rárá o, ìpànìyàn ni.

Ọ̀dọ̀ àwọn Beatles ni ọ̀nà yẹn gbà wọ Amẹ́ríkà. Ní 1968, Paul McCartney kà á níbì kan pé Pete Townshend ti ẹgbẹ́ The Who ń sọ pé àwọn ti ṣe orin kan tó lágbára, tó sì kún fún ariwo. McCartney ní àfi kí tàwọn pariwo jù ú lọ. Ilé gogoro tí wọ́n ń yọ̀ lórí rẹ̀ yẹn ló fi ṣe àkòrí: kéèyàn gòkè, kó já wálẹ̀, kó tún gòkè. Nígbà tí wọ́n máa fi gba orin náà tán ní oṣù kẹsàn-án, ìlù ti fi ìka Ringo Starr léròrò, ó sì pariwo rẹ̀ sínú orin. Ẹ lè gbọ́ ọ títí dòní. Oṣù kọkànlá ni àwo náà jáde, èyí tí gbogbo ayé ń pè ní àwo funfun.

Ọkùnrin kan wà ní Los Angeles tó ń jẹ́ Charles Manson, ẹni tó ti ṣẹ̀wọ̀n ṣẹ̀wọ̀n. Ó kó àwọn ọ̀dọ́ jọ sí oko kan lẹ́yìn ìlú, wọ́n ń pè é ní ohun tí kì í ṣe. Ó ní àwọn Beatles ń bá òun sọ̀rọ̀ nínú orin wọn. Ará Amẹ́ríkà kì í pe ibi ìṣeré yẹn bẹ́ẹ̀, nítorí náà kò sí nǹkan tó máa dá èrò ọkàn rẹ̀ dúró. Gẹ́gẹ́ bí Vincent Bugliosi, agbẹjọ́rò ìjọba, ṣe rò ó ní kóòtù, Manson ń wàásù fún wọn pé ogun ń bọ̀ láàárín èèyàn dúdú àti èèyàn funfun. Orúkọ tó sọ ogun náà ni Helter Skelter.

Ní òru 9 oṣù kẹjọ ọdún 1969, àwọn ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ pa èèyàn márùn-ún ní ilé òṣèré Sharon Tate. Òun fúnra rẹ̀ wà lára wọn, tòun ti oyún tó ti fẹ́ẹ̀ pé. Lálẹ́ ọjọ́ kejì wọ́n pa Leno àti Rosemary LaBianca, tọkọtaya, nínú ilé wọn. Wọ́n fi ẹ̀jẹ̀ kọ ọ̀rọ̀ náà sára fíríìjì, wọn ò tiẹ̀ mọ̀ ọ́n kọ. "Healter" ni wọ́n kọ. Lọ́dún 1974, Bugliosi kọ ìwé nípa ẹjọ́ náà, orúkọ kan náà ló fún un, ìwé náà sì tà káàkiri. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ará Amẹ́ríkà tó bá gbọ́ ọ̀rọ̀ yẹn, fíríìjì yẹn ló ń rí.

Ohun tó ká mi lára nínú ìtàn náà ni èyí tí fíìmù kì í sọ tó. Ìdí tí wọ́n fi kọ nǹkan sára ògiri, bí ìjọba ṣe rò ó, ni kí àwọn èèyàn lè rò pé àwọn èèyàn dúdú ló pa àwọn òyìnbó náà, kí ogun lè bẹ̀rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi tó jókòó jẹ́jẹ́ rẹ̀ ní ọ́fíìsì, tó ń kọ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n fi kọ́ ọ ní Ìbàdàn, kò mọ̀ pé irú ẹrù bẹ́ẹ̀ wà nínú ọ̀rọ̀ náà, pé wọ́n sì ti fẹ́ gbé e lé irú òun lórí rí.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wá sọ́dọ̀ wa.

Ní Nàìjíríà, ọ̀rọ̀ náà ò di ilé gogoro, kò sì di fíríìjì. Bó ṣe wà nígbà Nashe àti Shakespeare ló ṣe wà lọ́wọ́ wa. Ẹ ṣí ìwé ìròyìn èyíkéyìí: tí iná bá ṣẹ́ yọ lọ́jà, tí táńkà bá ṣubú, tí ọlọ́pàá bá yìnbọn sókè, "residents ran helter-skelter", lẹ́yìn náà ni wọ́n á "scamper for safety". Àwọn méjèèjì máa ń rìn pọ̀ bí ẹ̀wà àti dòdò. A ti lò ó lálòjù, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni bá bi mí lónìí pé ta ló ń ṣì í lò, mo ti ní èsì: kì í ṣe àwa. Ọ̀rọ̀ ogbó ni a fi pamọ́ fún wọn, àwọn ló lọ fi kọ́ ibi ìṣeré.

Inú mi ì bá dùn kí n dúró síbí, kí n gba máàkì mi padà lọ́wọ́ tíṣà yẹn. Ṣùgbọ́n ohun mìíràn wà níbẹ̀ tí mi ò kọ sínú àròkọ náà.

Èjìgbò la ń gbé ní 2002. Ìrọ̀lẹ́ Sunday ni, Màámi ń ṣa ẹ̀wà ọjọ́ kejì lórí atẹ. Nígbà tí àkọ́kọ́ dún, dígí fèrèsé wa já wálẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà Ìkẹjà sí ọ̀dọ̀ wa jìn. Iná ló ràn dé ibi tí àwọn ṣọ́jà kó bọ́ǹbù sí nínú bárékè, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún wa? Ẹnì kan ní ológun ti fẹ́ gbàjọba. Ẹnì kan ní ogun ti dé, wọ́n ń ju bọ́ǹbù látòkè. Ojú ọ̀run pọ́n, ilẹ̀ ń mì, ó sì ń dún léraléra. Àwọn tó ń sá bọ̀ láti ọ̀nà Òṣòdì ti dé àdúgbò wa, bí wọ́n ṣe ń kọjá ni àwọn ará àdúgbò wa ń dara pọ̀ mọ́ wọn. Kò sẹ́ni tó mọ ibi tí wọ́n ń lọ. Màámi fi etí ìró rẹ̀ so ọrùn ọwọ́ àbúrò mi ọkùnrin, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, mọ́ra, ó ní kí n di òun mú. A bọ́ síta.

Ọ̀rọ̀ Yorùbá wà fún ohun tó ń ṣẹlẹ̀ níta náà. Ó di bóò-lọ-o-yà-fún-mi.

Ẹ̀yin náà ti gbọ́ ọ àìmọye ìgbà. Àwọn oníròyìn orí rédíò máa ń fi ṣe àwàdà tí wọ́n bá ń sọ nípa ọjọ́ tí owó tuntun dé báǹkì. Ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ gbọ́ ohun tó ń sọ. Kì í ṣe ìró ẹsẹ̀. Gìrìgìrì ni ìró ẹsẹ̀, òun ni ojúgbà helter-skelter: ohun tí ẹni tó dúró sókèèrè ń gbọ́ ni. Bóò-lọ-o-yà-fún-mi, gbólóhùn ẹnu ni. Ẹnì kan ló ń sọ ọ́ fún ẹnì kan, láàárín èrò, wọ́n sì súnmọ́ ara wọn débi pé ọwọ́ lè kan ẹ̀yìn. "O" ló wà níbẹ̀, kì í ṣe "ẹ". Kò sí àgbà, kò sí ọmọdé, àpọ́nlé ti tán. Ẹni tó ń sọ ọ́ wà lẹ́yìn. Ẹni tí wọ́n ń sọ ọ́ fún wà níwájú, kò sì ríbi lọ.

Mo sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn. Obìnrin kan wà níwájú mi, ó pọn ọmọ, ó gbé báàgì kan lé orí. Kò sáré tó lójú tèmi. Mo pariwo mọ́ ọn pé kó yà fún mi. Ọmọ ọdún 14 ni mí, tí wọ́n kọ́ láti máa kúnlẹ̀ kí ìyá tó ń ta búrẹ́dì, mo wí fún abiyamọ pé "O ò yà ni?" Mo fi ọwọ́ méjèèjì tì í lẹ́yìn, níbi tí ẹsẹ̀ ọmọ náà wà gan-an. Ó gbọ̀n, kò ṣubú. Èrò gbé e síwájú. Mi ò rí i mọ́.

Kò pẹ́ sí i ni bàtà àbúrò mi já, òun ló wá ṣubú. Màámi tẹ̀ láti gbé e, èrò tì wá lé ògiri ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì kan, ọkùnrin kan nawọ́ fà wá wọlé, ó ti géètì. Inú ibẹ̀ la wà láàárín táyà títí ilẹ̀ fi mọ́.

Ọ̀nà tí èrò yẹn ń gbà lọ, ọ̀nà kánáàlì Òkè-Afa ni. Ẹ̀yin ará Ìsọlọ̀ mọ ibẹ̀. Ewéko orí omi ti bo ojú omi náà pátápátá nígbà yẹn. Nínú òkùnkùn, ilẹ̀ ló jọ. Àwọn tó wà níwájú rí i pé omi ni nígbà tí wọ́n ti wọ inú rẹ̀; wọn ò lè padà, torí àwọn tó wà lẹ́yìn ò mọ̀, wọ́n ṣì ń bọ̀, wọ́n ṣì ń ní kí wọ́n yà. Àwọn tó kú lọ́jọ́ yẹn lápapọ̀ lé ní 1,000, ọ̀pọ̀ nínú wọn ni kò sí bọ́ǹbù tó kàn wọ́n rárá. Omi ló pa wọ́n. Ọmọ kéékèèké pọ̀ nínú wọn. Nígbà tá a jáde láàárọ̀ Monday, bàtà ló kún gbogbo títì, ẹsẹ̀ kan ẹsẹ̀ kan, bàtà ṣọ́ọ̀ṣì ọmọdé, sílípáàsì, bàtà gogoro. Ọmọ aládùúgbò wa kan tá a jọ ń lọ ilé ìwé ò wálé.

Ohun tí mi ò lè fi Gẹ̀ẹ́sì kọ fún tíṣà mi nìyẹn. "Everybody was running helter-skelter": gbogbo èèyàn ló ń sá, kò sẹ́ni tó ti ẹnikẹ́ni. Tí mo bá fi Yorùbá kọ ọ́ ni, ọ̀rọ̀ náà fúnra rẹ̀ ni ì bá béèrè lọ́wọ́ mi pé ta lo sọ fún kó yà. Mo ti wá ojú obìnrin yẹn nínú fọ́tò tí wọ́n gbé jáde ní gbogbo àyájọ́ ọjọ́ náà. Ẹ̀yìn rẹ̀ nìkan ni mo rí lọ́jọ́ yẹn, mi ò mọ ohun tí mò ń wá. Mo ti sọ fún Màámi lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọdún kẹta sí ìsinsìnyí. Ó dákẹ́ fún ìgbà pípẹ́. Ó wá ní òun náà sọ ọ́ lọ́jọ́ yẹn, ó ju ẹ̀ẹ̀kan lọ.

Lọ́dún tó kọjá a gbé ọmọ mi obìnrin lọ sí Brighton, ọmọ ọdún mẹ́fà. Bó ṣe rí ilé gogoro yẹn lórí afárá ló ti ní àfi kí òun gùn ún. Èmi tẹ̀ lé e. Àtẹ̀gùn inú rẹ̀ há, ó ṣókùnkùn díẹ̀, ọmọdé wà níwájú, ọmọdé wà lẹ́yìn, kálukú gbá ẹní rẹ̀ mọ́ra. Nígbà tá a dé òkè, ọmọ mi yọjú wo ìsàlẹ̀, ẹ̀rù bà á, ó dúró. Mo ní kó má kánjú. Ọmọkùnrin kékeré kan tó wà lẹ́yìn wa ti ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ó na ọrùn gba ẹ̀gbẹ́ mi, ó bi í ní Gẹ̀ẹ́sì pé ṣé ó ń lọ ni àbí kò lọ, tí kò bá lọ kó kúrò lọ́nà fún òun.

Mo dì mọ́ irin àtẹ̀gùn. Ọmọ mi wò ó, ó wò mí, ó fa ẹní rẹ̀ mọ́ra, ó sì yà fún un.